Ìdáhùn àwọn núróònù ìdí ọpọlọ sí ìró

Ìdáhùn àwọn núróònù ìdí ọpọlọ sí ìró ni ọ̀nà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára tó wà ní ìdí ọpọlọ ń gbà fi àmì iná mànàmáná dáhùn nígbà tí ìró bá wọ etí. Ìdí ọpọlọ ni apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni iṣan ìgbọ́ràn láti etí méjèèjì kọ́kọ́ ń gúnlẹ̀ sí. Kí ìró tó dé apá òkè ọpọlọ, níbi tí ènìyàn ti ń mọ̀ pé òun gbọ́ nǹkan, ó ti gba ọwọ́ oríṣiríṣi núróònù kọjá ní ìdí ọpọlọ. Wọ́n ti sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti tọ́ka sí bí ó ti ga tàbí rẹlẹ̀ tó, wọ́n sì ti fi ohun tí etí ọ̀tún gbọ́ wé ti òsì láti mọ ibi tí ó ti wá.

Ohun tó ya àwọn núróònù wọ̀nyí sọ́tọ̀ láàárín àwọn núróònù ọpọlọ yòókù ni bí wọ́n ṣe ń pa àkókò mọ́. Àwọn kan nínú wọn lè rán àmì lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn láìjẹ́ pé àsìkò rẹ̀ yẹ̀ ju ìdá kékeré nínú mílísẹ́kọ́ńdì kan lọ (mílísẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Bí ìpamọ́ àkókò yìí bá bàjẹ́, ènìyàn lè máa gbọ́ ìró ohùn láìlè gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù.

Ọ̀nà tí ìró ń gbà dé ìdí ọpọlọ

Ìró jẹ́ ìgbọ̀nrìrì afẹ́fẹ́. Ó máa ń mi ìlù etí, àwọn eegun kéékèèké mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ìlù náà a sì gbé mímì yìí lọ sí kókílíà, ẹ̀yà etí inú tó lọ́ bí ìkarawun ìgbín, tí omi sì kún inú rẹ̀. Nínú kókílíà kan ti ènìyàn, nǹkan bí 3,500 sẹ́ẹ̀lì onírun ti ìhà inú ló ń sọ mímì di àmì tí iṣan lè gbé. Iṣan ìgbọ́ràn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 30,000 fọ́nrán.

Iye ìgbà tí nǹkan gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni a fi ń wọn bí ìró ti ga tó, Hertz sì ni orúkọ òṣùwọ̀n náà. Ẹnu ọ̀nà kókílíà ló ń dá ìró òkè lóhùn jù, ìkángun rẹ̀ ló sì ń dá ìró ìsàlẹ̀ lóhùn. Ètò yìí kì í dàrú nígbà tí àwọn fọ́nrán bá wọ ọpọlọ. Rose, Galambos àti Hughes fi hàn ní ọdún 1959, nínú ọpọlọ ológbò, pé àwọn núróònù inú ìdìpọ̀ kókílíà, ìyẹn ibùdó àkọ́kọ́ ní ìdí ọpọlọ, tò tẹ̀léra láti orí èyí tó ń dá ìró ìsàlẹ̀ lóhùn dé orí èyí tó ń dá ìró òkè lóhùn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni a tún bá ní gbogbo ibùdó pàtàkì tó wà lókè rẹ̀.

Bíbá ìró rìn

Ibi tí núróònù wà nìkan kọ́ ló ń sọ irú ìró tó wọlé. Bí ìró ìsàlẹ̀ bá ń dún, fọ́nrán iṣan kì í rán àmì nígbà tó bá wù ú. Ojú kan náà nínú ìgbọ̀n kọ̀ọ̀kan ló máa ń rán an, bí oníjó tó ń gbé ẹsẹ̀ lé ìlù. Ó lè fo ìgbọ̀n kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀, orí ìlù ni yóò gbé e lé.

Ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe dé orí ọ̀rọ̀ yìí ní ìdàrúdàpọ̀ díẹ̀ nínú. Ní ọdún 1930, Ernest Glen Wever àti Charles Bray ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà so wáyà mọ́ iṣan ìgbọ́ràn ológbò kan tí wọ́n ti fi oògùn kùn lóorun, wọ́n sì fa wáyà náà lọ sí yàrá mìíràn, níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ tẹlifóònù. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ sí etí ológbò náà, ẹni tó wà nídìí tẹlifóònù ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yékéyéké. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Edgar Adrian ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ pé iná tí wọ́n gbọ́ lè máà jẹ́ ti iṣan, pé ó lè jẹ́ ti kókílíà fúnra rẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀lé e sì fi hàn pé òtítọ́ pọ̀ nínú àtakò náà. Síbẹ̀, èrò tí Wever àti Bray ti ibẹ̀ fà yọ kò ṣubú. Fọ́nrán kan ṣoṣo kò lè máa rán àmì 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún ìgbà pípẹ́, nítorí ó gbọ́dọ̀ sinmi díẹ̀ lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ fọ́nrán bá pín iṣẹ́ náà ṣe, tí èyí mú ìgbọ̀n tí èkejì fò, gbogbo wọn lápapọ̀ lè bá ìró tó yára ju ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ rìn. Ní ọdún 1967, Rose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn èyí láti ara fọ́nrán kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀bọ kékeré kan láti Amẹ́ríkà Gúúsù. Wọ́n rí i pé fọ́nrán ń bá ìró rìn títí dé nǹkan bí 4,000 sí 5,000 Hertz. Lókè ìyẹn, àmì rẹ̀ kò bá ìgbọ̀n ìró mu mọ́.

Oríṣi ìdáhùn inú ìdìpọ̀ kókílíà

Bí fọ́nrán iṣan ìgbọ́ràn bá ti wọ ìdìpọ̀ kókílíà, ó máa ń pín sí ẹ̀ka méjì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan a sì tún yà sọ́dọ̀ oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí kálukú mú nínú rẹ̀ yàtọ̀. Láti mọ ìyàtọ̀ yìí, àwọn olùwádìí máa ń fi wáyà tín-ín-rín gbọ́ núróònù kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n ń dún ìró kúkúrú kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, wọn a sì ya àwòrán ìgbà tí àmì ń jáde lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ìró. Pfeiffer lo ọ̀nà yìí ní ọdún 1966 láti pín àwọn ìdáhùn náà sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, orúkọ tó fún wọn ni a sì ń lò títí di òní.

Sẹ́ẹ̀lì onígbó, tí ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí igbó kékeré, ń dáhùn bí fọ́nrán iṣan gan-an ṣe ń dáhùn: àmì púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà àmì tó dín kù ṣùgbọ́n tí kò dáwọ́ dúró. Fọ́nrán díẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìkángun fọ́nrán wọ̀nyẹn tóbi, ó sì dì mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì náà bí ọwọ́ tó di bọ́ọ̀lù mú, tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ tó ń jẹ́ kì í pẹ́, tí kì í sì í ṣìnà. Nígbà tí ìró bá wà ní ìsàlẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀yà yìí ń bá ìró rìn dáadáa ju fọ́nrán tó mú ìròyìn wá fún wọn lọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì náà ń dúró kí fọ́nrán bíi mélòó kan fẹnu kò kó tó sọ̀rọ̀, àṣìṣe ti ọ̀kan a sì pòórá nínú ìfẹnukò gbogbo wọn.

Sẹ́ẹ̀lì ọ́kítópọ́ọ̀sì gba orúkọ rẹ̀ nítorí pé ẹ̀ka rẹ̀ gbogbo nà sí ìhà kan bíi ti ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ náà. Ó na àwọn ẹ̀ka yìí kọjá láàárín ọ̀pọ̀ fọ́nrán tí ìró tí wọ́n ń gbé yàtọ̀ síra, kò sì ní dáhùn àfi bí púpọ̀ nínú wọn bá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìró gígùn kan bá bẹ̀rẹ̀, ó lè rán àmì kan ṣoṣo, kó sì dákẹ́ títí tí ìró yóò fi tán. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí ọ̀pá kan awọ ìlù.

Sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ kò bìkítà fún ìgbọ̀n ìró. Ó ń rán àmì ní àlàfo tó dọ́gba, bí ẹni tó ń gé iṣu sí ègé tí kò tóbi ju ara wọn lọ, ìwọ̀n àlàfo náà kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú gíga ìró. Agbára ìró ní apá kọ̀ọ̀kan ni iye àmì rẹ̀ ń sọ, èyí tó jẹ́ kí a gbà pé ó ń kópa nínú mímọ ìyàtọ̀ láàárín fáwẹ̀lì kan àti òmíràn.

Ti sẹ́ẹ̀lì onírànwú, tó wà ní ẹ̀yìn ìdìpọ̀ kókílíà, ta kókó jù. Ó lè rán àmì kan, kó dákẹ́ díẹ̀, kó tó wá tẹ̀síwájú. Kì í ṣe ìró nìkan ló ń gbà wọlé. Ìròyìn tún ń wá bá a láti ara awọ ojú, ọrùn àti etí òde. Nínú ológbò, tó lè yí etí síhìn-ín sọ́hùn-ún, èyí ń jẹ́ kó mọ̀ bóyá ìró ló yí padà ni tàbí etí ló yí. Àwọn onímọ̀ tó ń wádìí ariwo tí àwọn ènìyàn kan ń gbọ́ nínú etí nígbà tí kò sí ìró kankan ti fojú sí ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì yìí púpọ̀, nítorí ó máa ń rán àmì ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹranko tí ariwo ńlá ti ba etí rẹ̀ jẹ́.

Ìfiwéra etí méjì

Ibi tí ìpamọ́ àkókò ti hàn jù ni ìdìpọ̀ ólífì òkè, ibùdó tó tẹ̀lé ìdìpọ̀ kókílíà, níbi tí ìròyìn etí ọ̀tún àti ti òsì ti kọ́kọ́ pàdé ní kíkún. Bí ẹnì kan bá pe ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ohùn náà yóò dé etí ọ̀tún ṣáájú ti òsì. Fún orí àgbàlagbà, ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù kò ju nǹkan bí 0.7 mílísẹ́kọ́ńdì lọ. Síbẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ pé lè mọ ìyàtọ̀ tó kéré tó ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó kéré jìnnà sí àsìkò tí àmì kan ṣoṣo fi ń wà lára núróònù.

Ní ọdún 1948, Lloyd Jeffress dá a lábàá bí èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ó ní kí a ka àwọn núróònù kan sí èyí tó tò lórí ìlà, tí fọ́nrán láti etí ọ̀tún ń bọ̀ láti òpin kan, tí ti òsì sì ń bọ̀ láti òpin kejì. Ibi tí àmì méjèèjì bá ti pàdé lẹ́ẹ̀kan náà ni núróònù yóò ti dáhùn jù, ipò núróònù náà lórí ìlà ni yóò sì sọ ibi tí ìró ti wá. Àbá lásán ni èyí jẹ́ nígbà náà. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Catherine Carr àti Masakazu Konishi rí ohun tó jọ ọ́ gan-an nínú ọpọlọ òwìwí, ẹyẹ tó lè fi etí nìkan mú eku nínú òkùnkùn biribiri.

Ó wá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n ẹranko afọ́mọlọ́mú kì í ṣe ẹyẹ. Ní ọdún 2002, Brand, Grothe, McAlpine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wádìí ólífì òkè nínú eku aṣálẹ̀ kékeré kan. Wọ́n rí i pé kì í ṣe àmì tó ń ta núróònù jí nìkan ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Àmì tó ń pa á lẹ́nu mọ́ náà ń bọ̀ ní àsìkò tó péye. Nígbà tí wọ́n fi oògùn dí ọ̀nà àmì ìpanilẹ́numọ́ yìí, ìyàtọ̀ àkókò tí núróònù fẹ́ràn jù yí padà sí ìtòsí òdo. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà lórí bóyá ọpọlọ ènìyàn ní àwòrán ìlà tí Jeffress yà, tàbí ó kàn ń wo ẹ̀gbẹ́ tó ń pariwo jù láàárín ọ̀tún àti òsì. Nínú ẹranko afọ́mọlọ́mú, ẹ̀rí ọ̀tún òun òsì yìí ló lágbára jù títí di ìsinsìnyí.

Fún ìró òkè, orí fúnra rẹ̀ ló ń dí ìró lọ́nà, tí etí tó jìnnà sí i fi ń gbọ́ ọ ní ìwọ̀nba. Apá mìíràn nínú ólífì òkè ló ń mójú tó èyí: etí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ta á jí, etí òdì kejì ń pa á lẹ́nu mọ́, èyí tó bá kù ni ìdáhùn rẹ̀. Ìròyìn láti òdì kejì gbọ́dọ̀ yára, nítorí ọ̀nà rẹ̀ gùn jù. Ìdí nìyí tí ọ̀kan nínú àwọn ojú ìpàdé núróònù tó tóbi jù nínú ọpọlọ fi wà lójú ọ̀nà yẹn. Hans Held, ará Jámánì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1893, a sì ń pè é ní ife Held nítorí pé ìkángun fọ́nrán náà gba sẹ́ẹ̀lì mọ́ra bí ife òdòdó. Ife kan péré ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní.

Gíga ohùn àti èdè

Nínú èdè olóhùn, irú bí Yorùbá, gíga ohùn ló ń ya ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ sọ́tọ̀, òun náà sì ni onílù dùndún ń fi ọṣán ìlù mú jáde. Gíga ohùn ọ̀rọ̀ ènìyàn wà láàárín ibi tí núróònù ìdí ọpọlọ lè bá rìn láìṣòro. A lè fi ìlẹ̀mọ́ onírin kékeré lára awọ orí gba iná tí ọ̀pọ̀ núróònù ń rán lápapọ̀, iná náà a sì máa lọ sókè sódò bí ohùn ṣe ń lọ.

Ní ọdún 2005, Ananthanarayan Krishnan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe èyí pẹ̀lú àwọn tó ń sọ Mandarin, èdè olóhùn ti ilẹ̀ Ṣáínà, àti àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Sílébù kan ní ohùn mẹ́rin ni wọ́n gbọ́. Ìdáhùn àwọn tó ń sọ Mandarin tẹ̀lé gíga ohùn náà ju ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kàn sinmi ni, tí a kò ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ kankan. Èyí já lulẹ̀ fún èrò pé ìdí ọpọlọ jẹ́ ọ̀nà lásán tí ìrírí kò lè yí padà. Ó yẹ kí a fi kún un pé ìwádìí láti ọdún 2016 ti fi hàn pé apá òkè ọpọlọ náà ń dá díẹ̀ sí irú iná yìí.

Àyẹ̀wò ABR

Ní ọdún 1970 àti 1971, Don Jewett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀wọ́ ìgbì kéékèèké tó máa ń jáde láti ìdí ọpọlọ láàárín mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá lẹ́yìn ìró ṣákálá kan. Agbára ìgbì wọ̀nyí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóòtì kan. Nítorí náà ni a fi gbọ́dọ̀ dún ìró náà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí kọ̀ǹpútà sì ṣe ìṣirò àárín rẹ̀. Iye Róòmù ni a fi ń pè wọ́n. Ìgbì I wá láti iṣan ìgbọ́ràn. Ìgbì V, tó sábà máa ń hàn ní nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì márùn-ún àtààbọ̀ sí mẹ́fà, wá láti apá òkè ìdí ọpọlọ. Àlàfo tó wà láàárín ìgbì I àti ìgbì V ń sọ iye àsìkò tí ìròyìn fi rin ìrìn àjò náà.

Ẹni tí a ń yẹ̀ wò kò ní láti sọ ohunkóhun, ó tilẹ̀ lè máa sùn. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò náà fi wúlò fún ọmọ ọwọ́.

Ibà pọ́njú ọmọ tuntun

Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ojú àti ara wọn máa ń pọ́n ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí, nítorí èròjà bilirúbìn tó ń ti ara ẹ̀jẹ̀ tó wó jáde. Lára ọ̀pọ̀ wọn, kò léwu. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń wọ ọpọlọ, ìdìpọ̀ kókílíà àti àwọn ibùdó ìgbọ́ràn mìíràn ní ìdí ọpọlọ sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Ìgbì ABR a máa falẹ̀, tàbí kí ó pòórá. Bí a bá tètè tọ́jú ọmọ náà pẹ̀lú iná aláwọ̀ búlúù tàbí pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, ìgbì náà lè padà bọ̀ sípò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gidigidi, níbi tí àìtó èròjà G6PD nínú ẹ̀jẹ̀, àbùkù àjogúnbá tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè wó, ti wọ́pọ̀. Káńfọ̀ funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ wà lára ohun tó lè wó ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí a bá wọ aṣọ náà fún un láìfọ̀ ọ́.

Àyẹ̀wò etí kan wà tó yá, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, tó ń gbọ́ ìró kékeré tí kókílíà fúnra rẹ̀ ń dá padà. Ọmọ tí bilirúbìn ti ba ìdí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ lè yege nínú rẹ̀, nítorí kókílíà rẹ̀ kò ní àbùkù. A ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ ń gbọ́ràn. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì ni wọn yóò rí i pé ọmọ náà ń yíjú sí ariwo, ṣùgbọ́n tí kò fọhùn. Nítorí èyí ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìlànà àyẹ̀wò etí ọmọ tuntun ní Amẹ́ríkà fi sọ ní ọdún 2007 pé ABR ni kí a fi yẹ àwọn ọmọ tó bá lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ ní ibi ìtọ́jú àkànṣe wò.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn inú ìdí ọpọlọ

Ẹni tí iṣan ìgbọ́ràn rẹ̀ ti já kò lè lo ẹ̀rọ tí a ń fi sínú kókílíà. Ní ọdún 1979 ní Los Angeles, William House àti William Hitselberger fi ìlẹ̀mọ́ onírin lé orí ìdìpọ̀ kókílíà obìnrin kan tí kókó ọlọ́yún ti gba iṣan rẹ̀, ó sì gbọ́ ìró. Púpọ̀ nínú àwọn tó ti lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà ń gbọ́ ariwo ọkọ̀, ìlẹ̀kùn tó ń gbá, àti ìṣísẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ka ètè ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn díẹ̀ ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láìwo ẹnu. Ọ̀kan nínú àlàyé tí àwọn onímọ̀ ń fún èyí ni pé iná ẹ̀rọ náà ń kan sẹ́ẹ̀lì onígbó, ti ọ́kítópọ́ọ̀sì, oníràwọ̀ àti onírànwú lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí kálukú wọn ń retí láti ọ̀dọ̀ iṣan yàtọ̀ síra.